Ẹ̀wù Tí Òyìnbó Igbein Fi Kọrin

Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń ta ẹyin adìyẹ kan ní Láfẹ́nwá nígbà náà. Mo mọ̀ ọ́n nítorí òyìnbó obìnrin kan tó ń gbé ní Igbein. Á ra ẹyọ kan, á fọ́ ọ sẹ́nu níbẹ̀, á gbé e mì láìsè. Àwọn ọmọdé á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo wa gbà pé nítorí ohùn orin rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ Wélìsì ló ti wá. Pè é ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, á bínú bí ìgbà tí wọ́n pe Ẹ̀gbá ní Ìjẹ̀bú. Bàbá rẹ̀ ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Òun ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ ọ́ dé ilé ijó, ó kọ ọ́ dé rédíò, wọ́n sì gbé e sínú àwo. Nígbà tó fẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tó lọ kàwé lọ́hùn-ún, ọ̀gá tó ń bá a wá òde orin ní kó mú ọ̀kan nínú orin àti ọkọ. Ó mú ọkọ. Kò sẹ́ni tó tún pè é. Ẹ̀wù funfun kan tó fi ń kọrin ló gbé wá sí Abẹ́òkúta.

Ọkọ wá kú. Ó ní òun yóò kọrin níbi ìsìn ìrántí rẹ̀ nínú ẹ̀wù yẹn. Ẹbí ọkọ ní opó kì í wọ funfun. Ló bá gbé e wá bá mi ní Ìtòkú kí n pa á láró.

"Ìyá Aláró, kò ní bàjẹ́ o?"

"Màmá, èwo ló bàjẹ́ lọ́wọ́ mi rí? Ẹ lọ máa gbé ẹyin yín mì."

Àwa aláró máa ń fa fọ́nrán kan yọ, a ó sun ún. Bó bá di eérú, òwú ni. Bó bá yọ́, náílọ́ọ̀nù ni, a kì í gbà á. Tirẹ̀ ń rùn bí irun tó jóná. Mo rẹ́rìn-ín títí: aṣọ òyìnbó, òórùn irun òyìnbó! Mo rì í bọ inú aró, mo tún da sódà sí i kó lè dúdú. Ó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí mo fi kírun Alásárì.

Ìgbà tí mo fà á, apá kan ló tẹ̀ lé mi. Ìyókù ti rọ̀ bí búrẹ́dì tó já sínú tíì. Àwọn ẹgbẹ́ mi wò, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló já mi láyà jù.

Ìyá àgbà kan fọwọ́ pa á. "Òwú kòkòrò nìyí, bíi sányán. Ta lo rí tó ń pa sányán láró? Sódà ti jẹ ẹ́."

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi dé ìdí aró. Lọ́yà ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Bí mo bá rí ọlọ́pàá lọ́nà, ṣe ni mò ń yà sí kọ̀rọ̀. Níkẹyìn mo di ẹrù, kí n sá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Mo dé gáréèjì Láfẹ́nwá. Ta ló dúró níwájú ẹlẹ́yin?

"Ìyá Aláró! Ẹ̀wù mi ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀ tòun ti ẹrù lórí. "Màmá, mo ti bà á jẹ́. Kò ku nǹkan kan."

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹlẹ́yin. "Ẹ̀rù ń bà mí, ó ti pẹ́ tí mo kọrin kẹ́yìn," ló wí. "Mo rò pé bí mo bá ti wọ ẹ̀wù yẹn, ohùn á rántí ara rẹ̀."

Mo tú ẹrù mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àdìrẹ kan wà nínú rẹ̀ tí oníbàárà Èkó ti ná dé náírà méjìlélógún. Mo ró o mọ́ ọn nídìí lójú gbogbo dẹ́rẹ́bà.

"Òyìnbó wa ti di Ẹ̀gbá o!" ni àwọn agbèrò ń pariwo.

Lọ́jọ́ ìsìn, èmi Mùsùlùmí jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ohùn ò bá jáde, ta ni wọn yóò dá lẹ́bi? Ó dìde nínú àdìrẹ mi. Èdè bàbá rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ohùn gòkè, ó ya bí aṣọ gbígbó; mo di ojú. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì kọ ọ́ dé òpin. Àwọn tó ní opó kì í wọ funfun ló kọ́kọ́ sunkún.

Lẹ́yìn ìsìn, ó yọ ẹyin kan nínú báàgì, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Gbé e mì. Ẹ̀rù ni mo fi ń lé, kì í ṣe torí ohùn."

Mo gbé e mì, díẹ̀ ló kù kí n bì. Kò san owó aṣọ, mi ò sì béèrè. Mo yọ owó ẹyin kúrò nínú owó àdìrẹ: náírà mọ́kànlélógún àti àádọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ni mo pàdánù.