Ìjímèrè tí ó ń bá Bàbá Onílé Kírun

Òórùn awọ àgbò tí a sá sóòrùn, pẹ̀lú ti ẹja gbígbẹ tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti Èbúté Èrò, ni ó kọ́kọ́ ń pàdé ènìyàn ní àgbàlá ilé tí mo gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà, tí òmìnira kò tíì dé. Ilé Mùsùlùmí ni. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́, ni mo háyà yàrá kan níbẹ̀. Bàbá onílé ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣòwò obì lọ sókè Ọya, ibẹ̀ ni ó sì ti kó àwọn ẹranko rẹ̀ bọ̀: ẹyẹ agùfọn kan tí ó máa ń jó bí àwọn obìnrin bá ń gúnyán, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń gún odó fún, ìjàpá kan tí kì í jẹun àfi bí a bá kọ́kọ́ kí i, àti ìjímèrè kan tí ó fẹ́ràn bàbá ju gbogbo ayé lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kò rí irú rẹ̀ rí. Bí àkókò ìrun bá tó, ìjímèrè yìí a wọ́ búútà wá, a sì da omi sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí bàbá bá tẹ́ awọ àgbò Iléyá rẹ̀ sábẹ́ igi fúrúùtù, ẹranko náà a dúró lẹ́yìn rẹ̀: bàbá tẹ̀, ó tẹ̀; bàbá forí kanlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Ìyàwó bàbá a sì máa fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ó sàn ju ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí lọ. Òun kì í pa ìrun jẹ!"

Èmi ni mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wá wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún agùfọn, wọ́n kí ìjàpá títí ó fi yọrí. Ìgbà náà ni ìrun alásàrí tó. Bí ìjímèrè ti forí kanlẹ̀, ọmọbìnrin kan ké pé, "Ẹ wo Lèmọ́mù!" Ẹ̀rín bú. Mo fìka sẹ́nu pé kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu tèmi náà. Bàbá parí ìrun rẹ̀, ó ká awọ rẹ̀, ó wọlé.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, ó pè mí. "Tíṣà, ìwọ tí o mọ̀wé, ṣé èmi ni mo sọ ìrun di ìran wíwò?"

"Rárá o, bàbá. Ọmọdé ni wọ́n."

"Ọmọdé ló rí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mọ́ mi. Ọlọ́run ni mo kọjú sí, ọ̀bọ ni mò ń tẹ́tí sí lẹ́yìn."

Mo kí i pé ó dàárọ̀.

Láti ọjọ́ kejì, inú yàrá ni ó ti ń kírun, a sì ti ilẹ̀kùn. Ìjímèrè a wọ́ búútà dé ẹnu ọ̀nà, a da omi sọ́wọ́, a fetí lélẹ̀kùn. Bí ó bá gbọ́ tí orúnkún bàbá kan pákó, òun náà a forí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. "Ẹ ṣí i fún un, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó bàbá máa ń wí. Bàbá kò ṣí i.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà nípa ohun tí ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ sí ẹranko, kò sí èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn yẹn nínú mi. Bí mo bá mú àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí ọgbà ẹranko, tí ọ̀bọ ń fara wé ènìyàn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n tó rín in tán, mo ti bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan wà nítòsí tí ẹ̀rín wa lè lé wọlé.