Ojú Ìwé Tí Ìyá Mi Fi Di Ẹja

Mo rántí ìgbà ìjọba sójà, tí èèyàn ń tò lórí ìlà nítorí ọṣẹ ìfọṣọ, tí èmi, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Odigbo, ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ore nítorí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì. Òkè òkun ló ti ń wá lóṣooṣù. Bàbá tó ń tà á ní oríta Ore ní kí wọ́n tó bí òun ló ti ń jáde. Inú rẹ̀ ni mo ti mọ bí ojú eṣinṣin ṣe rí àti ìdí tí àrá fi ń sán. Nígbà tí nǹkan le, tuntun ò dé mọ́, ògbólógbòó tó ti ṣá ni mò ń rà. Tí mo bá kà á tán, ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n abẹ́ igi kòkó!

Ìyá mi, opó tí kò mọ̀wé, a máa ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwé la ó sè jẹ ni?"

Lọ́dún kan, òjò ò dá. Kòkó wa ti fẹ́ bu lórí ẹní tí a sá a sí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan la gbójú lé, ẹni tó ń rà á kì í sì í wo èyí tó bá ti bu. Mo rántí pé ìwé mi kọ nípa ilé kékeré tí wọ́n ń fi ọ̀rá funfun ṣe, tó ń kó ooru oòrùn jọ. Mo wo àwòrán rẹ̀ fìrí, mo ri igi mọ́lẹ̀, mo fi ọ̀rá bo kòkó pinpin. Lọ́jọ́ kejì, omi ń kán láti ara ọ̀rá sórí kòkó. Yéè! Ìyá mi ò bú mi, ó kàn jókòó, ó káwọ́ lérí. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo padà lọ ka ìwé náà dáadáa, àṣé wọ́n ti ya ojú ìwé tó tẹ̀lé àwòrán.

"Màámi, ta ló ya ìwé mi?"

"Èmi ni o. Mo fi di ẹja gbígbẹ ni."

A sáré wọ ilé ìdáná, a da ẹja sínú igbá. Lára bébà tí òróró ti rin yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí: kí á ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn nísàlẹ̀ níwájú, kí á ṣí òmíràn lókè lẹ́yìn. A ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn yọjú díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣákáṣáká lábẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ń rà á gé ẹyọ kan jẹ, ó mi orí pé ó dáa, ó wọn gbogbo rẹ̀. Ìyá mi jó dé ojú títì, inú mi dùn débi pé mo bá a jó.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń lọ sí Ore, á pariwo tẹ̀lé mi pé, "Má gbàgbé ìwé wa o!"

Wọ́n ní inú fóònù ni wọ́n ti ń kà á báyìí. Tèmi wà nínú àpótí. Ìyá mi ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ojú ìwé yẹn padà síbẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò láìmọ̀. Ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí òun tún un rán, mo ní kò tó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kà á débẹ̀, èmi ni mo máa ń yí ìwé dorí kodò.