Sítáǹpù Tí Omi Ò Gbọdọ̀ Kàn

Ẹ má bá Bàbá Ìbejì ṣeré lọ́jọ́ Sátidé o. Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni Sátidé ti di ọjọ́ abọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Á rẹ àwọn àpò lẹ́tà àtijọ́ sínú rẹ̀ títí àtè ẹ̀yìn sítáǹpù á fi rọ̀, á wá fi ẹ̀mú kékeré sá wọn sórí tówẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń sá ẹja. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sún mọ́ tábìlì, á ní, "Ìyá Ìbejì, rọra o! O ò mọ nǹkan kan nípa sítáǹpù." Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kì í kan omi. Ìyẹn ni sítáǹpù àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wọn tẹ̀, pupa bí ata, tí aró rẹ̀ máa ń ṣí bí omi bá ti kàn án. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á, ìyá Bàbá Ìbejì tò sórí ìlà tòun tọmọ lẹ́yìn. Ó ra ẹyọ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò lẹ́tà òfìfo, ó kọ orúkọ ọmọ tó pọ̀n, ìyẹn Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀, sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sílé ara rẹ̀. Òǹtẹ̀ ọjọ́ náà ṣì hàn lára rẹ̀ kedere. Àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dọ̀bálẹ̀ fún irú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ya tiwọn dànù.

Sátidé yìí, dókítà eyín kan tóun náà ń kó sítáǹpù jọ ń bọ̀ wá wò ó. Bàbá Ìbejì gbé e jáde látinú àpótí, ó fi í sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì àpò lẹ́tà tó fẹ́ rẹ, ló bá sáré lọ gẹrun. Èwo tún ni ti irun? Ṣé irun ni dókítà ń bọ̀ wá wò ni?

Nígbà tó padà dé, tábìlì ti mọ́ tónítóní. Abọ́ ti wà ní kíṣìnì, omi inú rẹ̀ sì pupa.

"Mo gbé!" Ó ki ọwọ́ bọ omi. "Ìyá Ìbejì, o ti pa mí o!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde látinú yàrá. "Kí ló dé? Mo ní kí n bá yín rẹ ẹ́ kí àlejò tó dé ni."

"Omi yìí pupa!"

"Àpò lẹ́tà pupa tí àwọn àna wa fi kọ̀wé sí wa ló ń ṣí aró. Àbí èyí lẹ ń wá?" Ó tú áńkáṣíìfù kan. Àpò lẹ́tà ìyá Bàbá Ìbejì nìyẹn, ó gbẹ táútáú.

Bàbá Ìbejì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. Ara tù ú. "Ta ló sọ fún ẹ pé aró rẹ̀ ń ṣí?"

"Ta ló mọ aró? Ẹ̀yin náà lẹ ní mi ò mọ nǹkan kan nípa sítáǹpù. Ìkọ̀wé ìyá ọkọ mi ni mo mọ̀. Òun náà ni wọ́n fi kọ̀wé sí mi nígbà tí mo fẹ́ wọlé yín, pé kí n bá àwọn tọ́jú ọmọ àwọn. Ṣé mo wá lè rì í sómi?"

Bàbá Ìbejì gba àpò lẹ́tà náà, ó tún orúkọ tí ìyá rẹ̀ kọ síbẹ̀ kà.

Bí dókítà ṣe dé, awò rẹ̀ tó ń sọ nǹkan di ńlá ti wà lórí sítáǹpù kó tó jókòó. Bàbá Ìbejì fa àga kan sún mọ́ tábìlì fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù ná, Dókítà," ló wí. "Ẹ kọ́kọ́ wo ìkọ̀wé yìí. Ìyàwó mi ló máa sọ ìtàn rẹ̀ fún yín."