Ilà Tí Mo Fà Sórí Fọ́ọ̀mù

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni pé kí n máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjì tó jọra kì í ṣe ọ̀kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣe é. "House" yàtọ̀ sí "home", "see" yàtọ̀ sí "look", "hear" yàtọ̀ sí "listen". Ọmọ tó bá kọ ọ̀kan sípò èkejì, bírò pupa mi kì í ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní mo le, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n méjì kan wà nínú wọn tí n kì í fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni: "parent" àti "guardian". Bí a bá kàn án, màá ní kí wọ́n lọ wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè, màá sì yíjú sí ojú fèrèsé.

Obìnrin tó tọ́ mi dàgbà kọ́ ló bí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Aránṣọ ni, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló sì máa ń rán jù. Ó pẹ́ nílé ọkọ, kò rí ọmọ bí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ìyá mi tó ń gbé ní Ayépé mú mi wá fún un, pé bóyá ọmọ á pe ọmọ wá. Ọmọ kankan ò tẹ̀ lé mi wá. Èmi nìkan náà ló ní. Màámi ni mo ń pè é, mo sì ń pe ẹni tó bí mi ní Ìyá Ayépé. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, kò sì rú mi lójú. Bí oníbàárà bá béèrè pé ta ni mí, Màámi á ní, "Ọmọ mi ni," kò tiẹ̀ ní dá ẹ̀rọ dúró.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Màámi fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e sínú àpótí tó ń tọ́jú Kùránì rẹ̀ sí, kí epo ẹ̀rọ má baà ta sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó nu tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó ní kí n wá kọ ọ́, torí òun ò mọ̀wé. Ó jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo dé ibi tí wọ́n kọ "Parent/Guardian" sí, tí wọ́n ní ká fagi lé èyí tí kò bá bá wa mu. Tíṣà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní ìyàtọ̀ méjèèjì ni, orí mi sì ń wú. Mo mú rúlà tí Màámi fi ń wọn aṣọ, mo fa ilà gbọọrọ sórí "parent".

"Kí lo pa rẹ́ yẹn?"

"Ibi tí wọ́n kọ òbí sí ni, Màámi. Ẹni tó bí ọmọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi. Gádíànì lẹ̀yin, ẹni tó kàn ń báni tọ́ ọmọ."

Tíṣà kò fi "kàn" yẹn kọ́ wa. Èmi ni mo fi kún un.

Ó fi ìka tọ ilà náà. "Ṣé bí ìwé ṣe wí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀wé."

Ó ní kí n fi bírò kun àtàǹpàkò òun. Ó tẹ̀ka sí i, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, oníbàárà kan béèrè pé ta ni mí. Màámi ní, "Ọmọ àbúrò mi ni. Wọ́n fi sọ́dọ̀ mi ni." Mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ àbẹ̀wò àwọn òbí níléèwé, Ìyá Ayépé ni mo rí tó ń wọlé bọ̀, tó ń béèrè kíláàsì mi lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìkọ́kọrẹ́ ló gbé wá. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré, mo mọ ọwọ́ tó sè é. Màámi ló dáná, ó wá gbé oúnjẹ fún ẹlòmíì kó gbé e wá fún mi.

Mo dé ilé, mo fi ìbínú bi í pé kí ló dé tí kò wá.

"Ọjọ́ àwọn òbí ni wọ́n pè é," ló wí.

Inú kò bí i rárá, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá sunkún tán, ǹ bá bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ Òyìnbó lásán ni." Ó ní, "Ìwé ni." Ẹni tí kò mọ̀wé a máa bẹ̀rù ìwé ju àwa tí à ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi wá tọrọ mi, ó fún wọn lómi mu, ó ní kí wọ́n lọ bá àwọn òbí mi ní Ayépé. Ẹyin lọ̀rọ̀, lóòótọ́. Mo ti kó èèpo rẹ̀ láti ọdún náà, kò tíì tán nílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo mú un lọ sí ọsibítù nítorí ojú rẹ̀. Ọ̀kan ti funfun pátápátá, èkejì sì ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin kékeré kan, mú fọ́ọ̀mù.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, Màmá?"

"Mi ò bímọ."

Nọ́ọ̀sì kọ òdo. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

Kí n tó la ẹnu, Màámi ti dá a lóhùn: "Wọ́n fi sọ́dọ̀ mi ni."

Irun mi ti ń hewú o. Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́dìí ìkòkò ọbẹ̀. Mo gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo yọ bírò pupa mi nínú báàgì, mo fagi lé òdo yẹn, mo kọ oókan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí mo jẹ́ sí i, mo kọ "daughter", mo sì buwọ́ lù ú.

Màámi gbọ́ bí bírò ṣe ń ha ìwé. "Kí lo tún pa rẹ́ yẹn?"

"Òdo tí wọ́n kọ pé ẹ bí ni."

"Má ba ìwé oníwèé jẹ́."

"Màámi, mo ṣì í kọ nígbà yẹn. Ẹ ṣàánú mi, ẹ forí jì mí."

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ń gbọ́ tó ń pe Bísímílà.

Nígbà tí wọ́n tì í jáde, wọ́n ti di ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́. "Nọ́ọ̀sì, ọmọ tó bá mi wá dà?"

"Èmi rèé, Màámi." Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di tirẹ̀ mú.

Ó fà mí mọ́ra títí etí mi fi kan ẹnu rẹ̀.

"Ṣé wọn ò bá ẹ wí," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "nítorí ìwé wọn tó o bà jẹ́?"