Àpá Bùpá Lára Ẹni Orí Àgbélébùú

Òórùn kánfọ̀ ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ìyá mi ṣí àpótí tí wọ́n ń kó búláńkẹ́ẹ̀tì sí, òórùn náà sì jáde bí ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé láti ọdún mẹ́ta. Ó kún yàrá, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí àgbàlá, débi pé àwọn adìyẹ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ẹ lè máà gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí adìyẹ ń sín rí kò ní bá mi jiyàn.

Pásítọ̀ wa ló ní kí gbogbo ilé tó bá ní búláńkẹ́ẹ̀tì gbé e wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ọ̀sán. Òyìnbó kan tó ń fi mọ́tò gbé sinimá kiri ń bọ̀ wá fi Jésù hàn wá, sinimá kì í sì í hàn níbi tí oòrùn bá ń wọlé, a ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Fante New Town ní Kumasi níbí, ẹ ó rántí ṣọ́ọ̀ṣì àwa Onítẹ̀bọmi ará Ògbómọ̀ṣọ́ bó ṣe rí nígbà náà: ilé gígùn kan, páànù lórí, kò sí àjà, fèrèsé mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Nígbà tí a fi búláńkẹ́ẹ̀tì méjìlá dí i pa tán, tí a sì ti ilẹ̀kùn, ooru inú rẹ̀ kúrò ní kékeré. Òróró orí àwọn ìyá akọrin yọ́ tó èyí tí a lè fi dín àkàrà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí bàbá mi ṣe rí, torí pé láìsí wọn kò sí ìtàn. Táyà kẹ̀kẹ́ àti ṣéènì ni wọ́n ń tà lọ́jà, wọn kì í sì í tètè gba nǹkan gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà: "Ta ló rí i?" Tí ìyá mi bá sọ pé òjò ba iyọ̀ jẹ́ ní ìsọ̀ ẹnì kan, ta ló rí i? Tí oníbàárà ará Àṣàńtí bá dé pé táyà tí òun rà lánàá ti bẹ́, wọ́n á fi Twi bi í ní ìbéèrè kan náà, wọ́n á wá máa wò ó lójú títí á fi gbé táyà rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, tí agbẹ̀bí jáde pé ọkùnrin ni, mo gbọ́ pé bàbá mi ní kí wọ́n gbé e wá kí àwọn rí i.

Ìfura wọn pọ̀ sí ìwé, ó tún pọ̀ sí sinimá. Ìwé yòówù tí mo bá gbé wọlé, wọ́n á ka ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n á ka èyí tó kẹ́yìn. Tí ọkùnrin bá dì mọ́ obìnrin ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, ìyá mi á fi ìwé náà dáná kókò, ìyẹn ògì, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi náà tètè mọ̀ pé àárín ìwé ni àwọn tó ń kọ̀wé máa ń fi nǹkan gidi pamọ́ sí. Àárín ni mo ń kà. Mo jókòó ní iléèwé títí dé kíláàsì mẹ́fà kí n tó bọ́ sí ìdí táyà, títí dòní ni mo sì mọ àárín ìwé tó pọ̀ dáadáa láìmọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe parí. Ti sinimá ní tirẹ̀, wọ́n máa ń gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé bóyá èéfín sìgá àwọn òǹwòran wà lára rẹ̀. Òórùn kánfọ̀ ló ń gbà mí. Mo máa ń fi ẹyọ kan sápò.

Nítorí náà, nígbà tí Pásítọ̀ fúnra wọn sọ pé sinimá ń bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ń bi ìyá mi léèrè pé ta ló wà níbẹ̀ tó ya fọ́tò Jésù. Ìyá mi ní kí wọ́n bi òyìnbó.

Ohun tó mú kí gbogbo rẹ̀ le ni pé ọdún yẹn ló kàn mí láti tẹ̀bọmi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a máa ń ṣe é, ẹni tí kò bá sì yege lọ́wọ́ àwọn díákónì á dúró di ọdún mìíràn. Ìyá bàbá mi ti wọ lọ́rì láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ọjọ́ márùn-ún lójú ọ̀nà, nítorí pé wọ́n fẹ́ rí mi nínú omi kí ojú wọn tó fọ́. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kò ní lè padà wá mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò, ọjọ́ Ìsinmi ni ìtẹ̀bọmi, ọjọ́ Ajé ni lọ́rì wọn ń padà. Ìyá mi ti rán aṣọ funfun tí mo máa wọ̀ wọnú omi tán. Aṣọ náà so kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ń wò mí.

Ó dọ̀sán Sátidé, a kún inú ṣọ́ọ̀ṣì. Kí iná tó kú, Pásítọ̀ dìde, wọ́n ṣe òfin kan tí mo rò pé kò sí ìjọ mìíràn láyé tó ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ní a kì í lajú lásìkò àdúrà, àdúrà Olúwa fúnra rẹ̀ sì ju tiwa lọ. Nítorí náà, nígbàkígbà tí Jésù bá ń gbàdúrà nínú sinimá, kí gbogbo ìjọ tẹrí ba, kí gbogbo ojú wà ní dídì, títí á fi ṣe àmín.

Ẹ̀yin náà mọ bí Jésù ṣe máa ń gbàdúrà tó. Kò pẹ́ tí a lajú tí a tún dì í. A rí i tó ń gun òkè, a dijú. A lajú, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. A rí búrẹ́dì, a dijú, nígbà tí a là á wọ́n ti jẹ búrẹ́dì tán. Ìyá àgbà mi sọ lẹ́yìn náà pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìkan ni ẹni tí àwọn rí látòkèdélẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí àgbélébùú, àdúrà ni ṣáá. Títí di ìgbà yẹn, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo gbọ́ tí igi ń dún, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin inú sinimá ń sunkún, tí àwọn tiwa náà dáhùn pẹ̀lú ojú dídì. Èmi kò ṣe ìpáǹle rárá. Mo kàn rò pé ẹni tó ń jìyà tó bẹ́ẹ̀ nítorí mi, ó yẹ kí ẹnì kan máa wò ó. Mo la ojú kan. Ojú òsì ni.

Ó tóbi lórí aṣọ funfun tí òyìnbó ta sára ògiri. Ó na apá méjèèjì, kò sí aṣọ lára rẹ̀ lókè. Lókè apá rẹ̀ ni mo ti rí i: àpá roboto, ó dán, etí rẹ̀ ṣẹ́ pọ̀. Àpá bùpá ni, ti abẹ́rẹ́ tí àwọn wolé-wolé wá gún gbogbo wa níléèwé nítorí ìgbóná, tí apá wa wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní tèmi. Mo fi ọwọ́ kàn án lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi nínú òkùnkùn, mo sì dijú padà kíá.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ìdánwò, Pásítọ̀ àti díákónì mẹ́rin lórí àga, bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí a ń bẹ̀rù ni Díákónì Ojúlarí. Ẹ dárí jì mí, n kò lè fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún un. Òun ló máa ń ṣọ́ ọmọ ìjọ tó bá lọ sí ilé sinimá ní Sátidé. Ó á ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó á wọlé, ó á jókòó títí wọ́n á fi ṣe é tán, kí ó lè rí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ dáadáa.

Ó bi mí pé ẹni tí mo rí nínú sinimá, ṣé mo gbà pé Jésù ni. Mo fura. Ọmọ tó ṣíwájú mi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Ojúlarí sì fi odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá a wí pé ó ń bọ àwòrán. Mo ní rárá, sà.

"Kí ló dé?"

"Ó ní àpá bùpá lápá, sà."

Kí n tó pa ẹnu dé ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí ibòmíràn tí a ti lè rí apá ọkùnrin yẹn ní ìhòòhò àfi níbi tó ti ń gbàdúrà. Ojúlarí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí àwọn tó kù.

"Ẹ gbọ́ o. Ọmọ tó fẹ́ tẹ̀bọmi lọ́tùn-únla lajú lásìkò àdúrà Olúwa. Ó tún wá ń purọ́ mọ́ Olúwa. Kò sí àpá bùpá kankan lápá òsì yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló gbẹ síbẹ̀."

Mo wo aṣọ funfun mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́kàn mi. Mo wo ìyá àgbà nínú lọ́rì. Omi ti lé sí mi lójú nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́bàá ògiri, wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

"Ta ló rí i?"

"Kí lẹ wí, Bàbá Sámúẹ́lì?" Ojúlarí bi wọ́n.

"Mo ní, ta ló rí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ sápá òsì? Ọmọ mi ò dárúkọ òsì."

Díákónì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà, àjà tí kò sí. Ojúlarí wo apá òsì ara rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà wà. Pásítọ̀ bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n sì ń nù ún títí mo fi rò pé jígí náà á tán. Nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ padà, ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí.

"Sámúẹ́lì, pẹ̀lú àpá tí o rí yẹn, ṣé o ṣì gba Jésù gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́, sà. Ọkùnrin yẹn kọ́ ni mo gbà gbọ́."

"Ó tó. Ẹ pe ẹni tó kàn."

Èmi àti bàbá mi forí lé ilé. A kọjá lára àwọn tó ń ta kẹ́nkẹ́, a kọjá lára atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó jẹ oníbàárà wọn, wọn kò dáhùn ìkíni rẹ̀. Mo ti ń retí ẹgba. Nígbà tí a kù díẹ̀ kí a wọlé, wọ́n dúró, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn.

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀," wọ́n ní. "Kì í sì í ṣe ẹyọ kan bí o ṣe wí. Méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Wíwò rẹ ò péye. Má sọ fún ìyá rẹ."

N kò sọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí ìyá mi ń wẹ̀ mí kí n tó wọ aṣọ funfun, wọ́n dé ibi àpá bùpá mi, wọ́n rọra fi kànìnkànìn yí i ká, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sínú. Látìgbà náà ni mo ti ń fura sí wọn pẹ̀lú. Mo wọnú omi, wọ́n rì mí, mo jáde. Ìyá àgbà mi wà níwájú pátápátá, wọ́n tẹ ojú wọn tó ti ń ṣú mọ́ mi lára ṣinṣin bí ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà mi. Ìyá àgbà nìkan ni kò dijú ní gbogbo àdúrà ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó nínú ooru yẹn ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó kù ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Èmi náà ti wá di díákónì. Àwọn ọmọ mi máa ń fi fóònù hàn mí bí wòlíì kan ṣe jí òkú ní ìlú tí wọn kò dárúkọ; mo máa ń fa fóònù náà súnmọ́ ojú, mo máa ń wá àpá bùpá lápá òkú náà. Lásìkò àdúrà, èmi ni mo máa ń pàṣẹ kí gbogbo ojú wà ní dídì, èmi ni mo sì máa ń la ojú òsì kí n lè mọ ẹni tó lajú. Mo ti rí púpọ̀. N kò lè sọ ọ́.

Mo máa ń ro ti ọmọ yẹn. Ó lajú nítorí pé ó fẹ́ rí Jésù, ó rí ẹlòmíràn, kò sì yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Èmi àgbà, n kò wá Jésù mọ́ tí mo bá lajú, ènìyàn ni mo ń ṣọ́. Ìyẹn dùn mí. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo pinnu. Mo di ojú méjèèjì, mo dì í gan-an, mo wá àpá bùpá mi lábẹ́ agbádá, tí ó ti fẹ́ parẹ́ lára awọ tó ti hunjọ, mo sì gbàdúrà bí ọmọ ọdún méjìlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé àmín. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti gbé agboòrùn mi tí mo fi ti ìjókòó lọ. Gbogbo ìjọ ni mo bi, wọ́n ní ojú gbogbo àwọn ló wà ní dídì. Agboòrùn dúdú, ọwọ́ rẹ̀ igi. Ta ló rí i?