Ọkọ̀ Bàbá Ràṣídì Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Kan Ilẹ̀

Abẹ́ ọkọ̀ Bàbá Ràṣídì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Ó ha ilẹ̀ gbàràrà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbó-Ọrà, gbogbo wa sì yíjú. Iṣẹ́ àláìnmẹ́ǹtì ni mò ń ṣe: èmi ni mo máa ń tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí ó má baà máa fà sápá kan. Àwọn tí wọn kò rí obìnrin nídìí iṣẹ́ yìí rí máa ń bi mí pé ọ̀gá dà. Màá ní kí wọ́n jókòó, ọ̀gá ń bọ̀. Màá lọ fọ ọwọ́, màá padà wá.

Oníbàárà mi àtijọ́ ni Bàbá Ràṣídì. Sìmẹ́ńtì ló ń tà, ó sì sanra dáadáa.

"Ìyá Bọ́lá, ọkọ̀ yìí ń fà sí ọ̀tún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táyà ni o!"

Lóòótọ́, bí èèyàn bá dúró síwájú, ojú táyà náà ṣì ń dán. Mo yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ síta, mo ní kí ó fọwọ́ kan etí inú lọ́hùn-ún. Ó fọwọ́ kàn án, ó fà á yọ wéré.

"Kí ló gún mi?"

"Wáyà inú táyà tuntun yín ni."

Ojú rẹ̀ yí padà. Láti Lanlate ló ti ń bọ̀, eré ló sì sá. Ká ní táyà yẹn bẹ́ lọ́nà, ọ̀rọ̀ ì bá ti di nǹkan mìíràn.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo yẹ abẹ́ wò. Wọ́n ti gé sípíríìngì kí ọkọ̀ náà lè lọ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá lọ sílẹ̀ báyẹn, orí táyà á tẹ̀ sínú, ìdí rẹ̀ á yà síta, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ní kéléègì. Etí inú nìkan ni yóò máa fi rìn, ibẹ̀ náà ni yóò sì jẹ tán.

"Bàbá Ràṣídì, ṣé ẹ fẹ́ gbé ìyàwó kékeré ni, tí ẹ fi ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ìgboro?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ìyá arúgbó kan jókòó sí.

"Ìyá mi nìyẹn. Orúnkún ń dùn wọ́n. Bí a bá ń lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀rúwà, àtigun ọkọ̀ máa ń nira fún wọn. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí wọ́n bá mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá.

Bàbá Ràṣídì sọdá lọ kírun ní mọ́sáláṣí. Màmá ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí a tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì wà. Mo fa ọwọ́ kan, fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa ìkejì, kí wọ́n tó lè dìde.

"Ọmọ mi," wọ́n rọra sọ fún mi, "àtiwọ̀ ọ́ ò le, èèyàn á kàn já lu ìjókòó ni. Àtijáde ló ń pa mí. Ti tẹ́lẹ̀ sàn."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn?"

"Inú rẹ̀ ń dùn pé òun ń tọ́jú mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Nígbà tí Bàbá Ràṣídì dé, mo sọ ìwọ̀nba tí mo lè sọ. Mo ní ọkọ̀ náà ti lọ sílẹ̀ kọjá ibi tí mo lè tọ́ táyà rẹ̀ dé, òmíràn tó bá rà yóò tún jẹ bákan náà.

"Màá máa rà á," ó dáhùn. "Ìyá mi ni."

Mo gbé àpótí kékeré tí mo máa ń jókòó lé ṣiṣẹ́ síwájú rẹ̀. "Ẹ bá mi jókòó síbí." Ó jókòó wọ̀ọ̀. "Ó yá, ẹ dìde."

Ó tiraka, ó fọwọ́ tẹ ilẹ̀, ó mí hẹlẹ, kò dìde. Fọkanáísà ti ń fi àkísà bo ẹnu. Màmá, tí wọ́n jókòó sórí àga gíga, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ràṣídì wo ìyá rẹ̀, ó wo àpótí, ó wo ọkọ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Àkànní, ìwọ náà ò bi mí."

Ó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ ọ́ lára, tàbí kò rí ẹni fà á dìde ni.

Ó ra sípíríìngì odindi, mẹkáníìkì bá a wọ̀ ọ́. Ó pààrọ̀ táyà, èmi náà sì tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ títí ó fi gún. Mo kọ́ Màmá pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, kí wọ́n tó yí ẹsẹ̀ wọlé. Wọ́n wọlé, wọ́n jáde, wọ́n tún wọlé, wọ́n ní àwọn yóò bá wa lọ dán an wò.

Lójú ọ̀nà Tápà, níbi tó tẹ́jú, mo ní kí Bàbá Ràṣídì yọwọ́ kúrò lára síárìn ká wò ó. Ó yọwọ́. Ọkọ̀ náà ń lọ tààrà, kò yẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín. Ni ọwọ́ kan bá ti ẹ̀yìn bọ̀, ó bà á léjìká pàá.

"Àkànní! Di nǹkan mú!"