Bàbá Gbà-á-Padà àti Àga Tí Ẹnikẹ́ni Ò Jà Lé Lórí

Ọjọ́ tí wọ́n mú Bàbá Gbà-á-Padà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, garawa kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó fẹjọ́ sùn di etí kejì garawa náà mú. Báyìí ni wọ́n ṣe gba àárín títì kọjá, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò jẹ́ kó bọ́. Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fi í sílẹ̀.

“Bàbá, ta ló ni garawa?”

“Ilé iṣẹ́ wa ni.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà?”

“Tèmi ni. Àwọn ni wọ́n gbé e wá fún mi, wọ́n ní kí n máa lò ó, kí n bá àwọn wò ó bóyá ó dára. Mo lò ó. Ó dára. Wọ́n wá láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbà á padà. Sájẹ́ǹtì, ṣé orí wọn pé?”

Sájẹ́ǹtì wo Bàbá. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti ya, èékánná ti ha á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

“Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, Bàbá?”

“Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe dì í mú ni?”

Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ sáré dé láti wá gbà á sílẹ̀, Bàbá ò tiẹ̀ dúró kí i. Ó ní, “Ẹ máa rọ garawa yìí lọ. Ó ti yege.” Obìnrin náà gbé tirẹ̀ lọ sílé. Sájẹ́ǹtì fa Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní bí wọ́n bá tún fẹ́ dán òmíràn wò, òun náà ní ilé.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ohun èlò ilé ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe: garawa, ìkòkò, àga, àtẹ. Yàrá kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ti ń dán ohun tuntun wò, Bàbá sì ni olórí ibẹ̀. Bí ohun tuntun bá jáde, wọn kì í kó o lọ sọ́jà. Bàbá á pín díẹ̀ fún àwọn ilé kan ládùúgbò pé kí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á lọ gbà á padà. Bí onílé bá gbé e fún un wọ́ọ́rọ́wọ́, Bàbá á dúpẹ́, nǹkan náà sì kú nìyẹn. Bí onílé bá bá a jà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́.

Ó máa ń sọ pé, “Ẹni tó yìn ọ́ ò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó gbá ọ létí nítorí garawa, òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń bá ọ sọ.”

Nílé pàápàá, kò simi. Àlejò kan wá kí wọn, ìyàwó rẹ̀ sì gbé oúnjẹ fún un. Àlejò jẹun dé ìdajì, Bàbá na ọwọ́, ó fa àwo rẹ̀. Àlejò di àwo náà mú. Bàbá tún un fà, àlejò tún un dì. Bàbá fi í sílẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ọbẹ̀ rẹ yege.”

“Bàbá àwọn ọmọ, àna wa lẹ ń fa àwo mọ́ lọ́wọ́ yẹn.”

Bí ẹnikẹ́ni bá mú èrò wá sí yàrá ẹ̀yìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá máa ń bi í: “Ta ló ń sunkún?” Olórí àwọn tó ń tajà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá Ọjà, lọ síbi ìpàdé kan lọ́nà jíjìn, ó sì padà wá pé kí wọ́n máa gbé ohun tuntun jáde lóṣooṣù.

“Bàbá, ayé ti ń sáré.”

“Ṣé ó mọ ibi tó ń lọ?”

“Ẹ gbọ́ eléyìí ná. Ìkòkò tí yóò máa kọrin bí omi rẹ̀ bá hó.”

“Ta ló ń sunkún?”

“Kò sẹ́ni tó ń sunkún, Bàbá. Orin ni mo sọ.”

“Bí kò bá sẹ́ni tó ń sunkún, ta ni ìkòkò wá fẹ́ rẹ̀ lẹ́kún?”

Ṣùgbọ́n bó bá kan èrò tirẹ̀, kì í bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń ro àga kan. Bí ènìyàn bá jókòó lé e, àga ni. Bí ó bá ṣí i síwájú, àkàbà ni. Bí ó bá dojú rẹ̀ délẹ̀ tó sì na ẹ̀yìn rẹ̀, pákó ìlọṣọ ni. Àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn sọ ọ́ ní Ìbẹta. Bàbá nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Jórinjórin yàrá náà gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fa ìka rẹ̀ tó há yọ, ó ní, “Bàbá, àga ni mo béèrè, àkàbà ló dá mi lóhùn.”

Ilé ara rẹ̀ ni Bàbá kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ gùn ún kó lè nu ojú fèrèsé, àkàbà náà yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán, ó jáde lọ lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ níbi tó ti rọ̀ mọ́ fèrèsé. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gé táyà ògbólógbòó kan, ó fi ṣe bàtà sí ẹsẹ̀ àga náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi wáyà so wọ́n. Iṣẹ́ kékeré ni, kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún yẹn, nǹkan ò rọgbọ. Garawa oníke ti gba ọjà lọ́wọ́ onírin tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀gá, ọmọ tó jogún ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ baba rẹ̀, pe Bàbá sí ọ́fíìsì.

“Bàbá, yàrá ẹ̀yìn ń jẹ, kò sì mú nǹkan wálé. Bí òjò bá fi máa bẹ̀rẹ̀ tí a ò rí ọjà tuntun, màá tì í pa.”

“Àwọn tó wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n á máa lọ sílé ni, Bàbá. Kò wù mí.”

Ìyàwó jórinjórin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sórí ilẹ̀. Bàbá fọwọ́ gbá a léjìká. “Má dààmú. Ìbẹta á bọ́ ìbejì.”

Wọ́n ṣe díẹ̀, Bàbá wọ bàtà táyà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n pín in, wọ́n dúró. Ibi gbogbo tí wọ́n ti béèrè, ìyìn ni wọ́n ń gbọ́. Ọ̀gá Ọjà ti ní kí wọ́n ya àwòrán Ìbẹta sára pátákó ńlá. Ìgbà tó yá, Bàbá wọ ọkọ̀ akẹ́rù, òun àti awakọ̀, wọ́n lọ gbà á padà.

Tíṣà gbé tirẹ̀ fún wọn, ó sì kí Bàbá kú iṣẹ́ ọpọlọ. Onígbàjámọ̀ ní kí wọ́n dúró díẹ̀, kí òun kọ́kọ́ gbá okùn aláǹtakùn kúrò lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ bá wọn gbé tirẹ̀ sínú ọkọ̀. Bàbá di àga náà mú díẹ̀ lójú ọ̀nà, bóyá ọkàn rẹ̀ á yí padà. Nọ́ọ̀sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ náà gbé.

Ilé tó kẹ́yìn ni ti aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ti gbé Ìbẹta síta dè wọ́n.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Àga yín rèé. Ó ti bu ìka mi jẹ.”

Bàbá wo ẹsẹ̀ àga. “Bàtà rẹ̀ dà?”

“Bàtà wo?”

“Rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.”

“Ìyẹn ò sí lára ohun tí ẹ wá gbà.”

Bàbá wọlé. Tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ló wọ bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tẹ́lẹ̀, tí obìnrin náà bá ti ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, tábìlì náà á máa rìn. Igun ni á ti bẹ̀rẹ̀ aṣọ, ẹnu ọ̀nà ni á ti parí rẹ̀, àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ á sì máa fi igi kan àjà. Ní báyìí, ojú kan ló dúró sí. Bàbá kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ tábìlì. Aránṣọ fi rúlà gbá ọwọ́ náà. Ó na èkejì. Ó gbá ìyẹn náà.

“Bàbá, ẹ gbé àga yín máa lọ. Bí ẹ bá tún fọwọ́ kan tábìlì mi, màá rán apá ẹ̀wù yín méjèèjì pọ̀ mọ́ra.”

Nígbà tí wọ́n ń padà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Bàbá jókòó sí, láàárín àwọn àga rẹ̀. Awakọ̀ yọjú láti iwájú.

“Bàbá, ta ló rí wa? Ẹ sọ fún wọn pé àwọn èèyàn jà. Ṣebí ìbejì á jẹun.”

“Wọ́n á jẹ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àga tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ á kún ilé iṣẹ́ fọ́fọ́, kálukú wa á gbé ọ̀kan lọ sílé, a ó sì máa jókòó lé e, láìníṣẹ́.”

Ní ọ́fíìsì, Bàbá ò jókòó. Ó ní, “Ìbẹta ti kú.”

Ọ̀gá Ọjà fò dìde. “Bàbá, gbogbo èèyàn ló yìn ín. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ.”

“Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Bí a bá fún ẹkùn pàápàá, á dá a padà.”

Ọ̀gá di orí mú. Bàbá mú bàtà táyà mẹ́rin jáde lápò, àwọn tó bọ́ lẹ́sẹ̀ àga tíṣà, ó gbé wọn sórí tábìlì. “Àwọn yìí ni wọ́n lù mí lé lórí.”

“Rọ́bà?” ni Ọ̀gá wí.

Bàbá kúnlẹ̀, ó sì wọ bàtà fún àga Ọ̀gá fúnra rẹ̀, èyí tó ti ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ tó sì ń han láti ayé baba rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé, ó kàn rọra bọ́ sábẹ́ àga níbi tí Ọ̀gá jókòó sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà.

“Bàbá,” ni Ọ̀gá wí, láìgbé ojú sókè nínú ìwé tó ń kà, “ẹ kúrò lábẹ́ àga mi.”

Bí bàtà àga ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ṣe kékeré, wọ́n ṣe ńlá, wọ́n ṣe ti tábìlì, wọ́n ṣe ti ibùsùn. Wọn ò ti yàrá ẹ̀yìn pa. Ìbejì jórinjórin jẹun, wọ́n dàgbà, wọ́n sì ga ju baba wọn lọ. Inú Bàbá dùn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, á ní, “Àga ni mo ṣe o,” á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá kú ní ọjọ́ ogbó, lójú oorun. Gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti péjọ fún un, ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta dídán. Wọ́n to àga títí dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì wọ bàtà. Aránṣọ sọ̀rọ̀ rúlà, sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀ garawa, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, Ọ̀gá ní kí wọ́n dìde fún Bàbá. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí àga kan tó dún.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò dìde. Ó fetí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó pe jórinjórin.

“Bọ́ bàtà àga mi yìí fún mi.”

“Mà?”

“Bọ́ wọn.”

Jórinjórin kúnlẹ̀, ó tú wáyà, ó bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá gbé ọwọ́ lé apá àga, ó dìde, ó sì fi ìtan ti àga náà sẹ́yìn. Igbe àga náà gba gbogbo gbọ̀ngàn kan.

“Ẹ ṣeun,” ni Ìyá wí. “Ó yẹ kí ẹyọ kan dún fún un.”